Ilé etí igbó l'Ọ̀bà-Ilé: kí ni ká ṣe kí iná ọyẹ́ tó dé?

Ará Ọ̀nà Pápákọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù Kẹwàá la wà yìí, ọyẹ́ kò ní í pẹ́ fẹ́, ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ iná igbó wá síwájú yín.

Ilé tí mò ń sọ wà lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́. Pulọ́ọ̀tì kan ni, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120. Fẹ́ǹsì wà níwájú àti lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé àti ọwọ́ òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Igbó Akíntọ́lá àti èèsún ló wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ga ju èèyàn lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ lọ bá odò kékeré kan. Pulọ́ọ̀tì ọwọ́ òsì, Èkó ni ẹni tó ni ín ń gbé, kò tíì fi bulọ́ọ̀kù kan lé èkejì níbẹ̀.

Bulọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, páànù alumíníọ̀mù ló wà lórí rẹ̀, àjà rẹ̀ jẹ́ PVC. Pákó ni wọ́n fi ṣe abẹ́ etí òrùlé, wọ́n fi àlàfo sí i láàárín kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ilé ìdáná onípákó kan wà lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ògiri. Ọ̀pẹ mẹ́ta wà nínú ọgbà. Tánkì oníke lítà 2,000 wà lórí irin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kànga ẹ̀rọ ló ń fún un lómi.

Ìbéèrè mi rèé: ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló yẹ kí n ṣán kúrò nínú igbó? Ṣé oògùn apakoríko tó o? Àwọn kan ní kí n dáná sun igbó náà fúnra mi kí ọyẹ́ tó le, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Owó fẹ́ǹsì kò sí lọ́dún yìí, nítorí náà ẹ bá mi to ohun tó ṣe pàtàkì jù síwájú.

---

Káfíńtà Orí Òrùlé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí igbó, ẹ gbójú sókè wo etí òrùlé yín.

Iná kò lè jẹ ògiri bulọ́ọ̀kù. Iná koríko kì í sì í dúró pẹ́ lójú kan. Ó ń sáré ni, ó jẹ èyí tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó kọjá. Ohun tó ń jó irú ilé wa ni màjàlà tó ṣì ń pọ́n, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé fò kọjá fẹ́ǹsì, tó wá wọ abẹ́ òrùlé. Ibẹ̀ ni pákó gbígbẹ wà, ibẹ̀ ni ológoṣẹ́ kó koríko jọ sí láti fi ṣe ìtẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó lè rọra máa jó lábẹ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí àjà PVC bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tó ń kán sórí àga, òrùlé ti gbiná tán.

Ọ̀nà méjì ni màjàlà ń gbà wọlé lára ilé tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn. Èkíní ni àlàfo tó wà láàárín àwọn pákó etí òrùlé. Ẹ má dí i pa o, nítorí ooru òrùlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Àwọ̀n irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ fi bò ó, kí ojú rẹ̀ má ju mílímítà 3 lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a ń fi sí fèrèsé kò ṣeé lò níbí rárá, ike ni, yíyọ́ ló máa yọ́. Ẹ gé àwọ̀n náà kó fi ínǹṣì 2 ju àlàfo lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kàn án ní ìṣó ní ínǹṣì mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ìṣó bá jìnnà síra jù, àwọ̀n á wú láàárín, ẹyẹ á sì tún gba ibẹ̀ padà. Eruku àti òwú aláǹtakùn máa ń dí ojú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Èkejì ni ẹnu páànù, níbi tó ti wú tó sì tẹ̀ lórí fásíà, ìyẹn pákó gígùn tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé. Ihò yẹn máa ń gba ọwọ́ ọmọdé wọlé. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹ má gbà. Símẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù, páànù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu níbẹ̀ láìpẹ́. Fóòmù inú agolo náà kò dára, iná ń jẹ òun gan-an. Ẹ ká àwọ̀n irin kan náà pọ̀, kí ẹ fi dí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ gé àjẹkù páànù sí ìwọ̀n ihò kí ẹ sì kàn án mọ́ fásíà. Kí ẹ tó dí i, ẹ kọ́kọ́ kó ìtẹ́ ẹyẹ jáde. Àwọn kan máa ń dí i mọ́ koríko gbígbẹ nínú, wọ́n á wá rò pé iṣẹ́ ti parí.

Fásíà onípákó tó kọjú sí igbó, ẹ fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ọ̀dà lásán kò lè dáàbò bò ó.

Lẹ́yìn òrùlé, ẹsẹ̀ bàtà 5 tó yí ògiri ká ló kù. Nǹkan kan tó lè gbiná kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀: ì báà ṣe pákó tó ṣẹ́kù nígbà tí ẹ ń kọ́lé, ìgbálẹ̀, àga ike, bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, òdòdó tó ti gbẹ, ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Bí màjàlà bá bọ́ sórí ilẹ̀ lásán, kíkú ló ń kú. Bó bá bọ́ sórí ẹní ìnusẹ̀, ilẹ̀kùn ló kàn. Ilẹ̀ tí a gbá mọ́ bí ojúde àwọn bàbá wa tó fún iṣẹ́ yìí, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àgbàrá má wa ibẹ̀ lójò, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní ínǹṣì 2. Ilé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40 ní 50, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 7 ni yóò gbà.

Ilé ìdáná yẹn ló kàn báyìí. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ti sún mọ́ ilé jù fún nǹkan onípákó. Bí òun bá gbiná, ooru rẹ̀ nìkan tó láti fọ́ gíláàsì fèrèsé, kó sì ran kọ́tìnì nínú yàrá. Ẹ gbé e lọ sí igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí fẹ́ǹsì wà, kí ẹ mọ bulọ́ọ̀kù dé ìbàdí, kí ẹ fi páànù parí rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa rí ẹsẹ̀ bàtà 30 lórí pulọ́ọ̀tì yín, ṣùgbọ́n 20 ṣeé rí.

---

Àgbẹ̀ Kòkó

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n káfíńtà sọ, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé yẹn ló ń kọ mí lóminú. Iná máa ń sáré gun òkè ni. Ọwọ́ iná á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síwájú, á máa yan koríko tó wà lókè rẹ̀ gbẹ kó tó dé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi nǹkan bí dígírì 10 ga sí i, eré iná á di ìlọ́po méjì. Ọ̀dọ̀ yín ni iná tó bá ti ẹ̀bá odò bẹ̀rẹ̀ ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ má pín agbára dọ́gba. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ jù.

Ìwọ̀n tí ẹ máa rí káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 5, 30 àti 100, Amẹ́ríkà ló ti wá. Jack Cohen tó ṣiṣẹ́ fún àjọ igbó ìjọba wọn ló tẹnu mọ́ ọn pé ilé fúnra rẹ̀ àti ohun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí i ló ń pinnu bóyá ilé á jó. Ilé pákó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, igbó wọn sì yàtọ̀ sí tiwa. Èmi á sọ pé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí fífẹ̀ àlàfo tí ẹ máa ṣán jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta gíga koríko tó wà létí rẹ̀. Èèsún tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ fún un ní 30. Lápá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ẹ bá lè rí 50 sí 60, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ má ṣán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ wá jókòó. Ṣíṣán àkọ́kọ́, ìparí oṣù Kẹwàá yìí, kí àdá dé kókósẹ̀. Kí ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ṣán kúrò. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: alágbàṣe á ṣán igbó dáadáa, á wá kó o jọ ní òkìtì sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì tàbí sí etí àlàfo gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òkìtì yẹn ti gbẹ, iná tó wá látinú igbó á bá oúnjẹ lójú ọ̀nà. Ẹ bá alágbàṣe dá owó kíkó mọ́ owó ṣíṣán kó tó gbé àdá. Ìparí oṣù Kọkànlá, ẹ tún un ṣán, nítorí òjò ìkẹyìn á ti jẹ́ kó hù padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọkọ́ ha ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 10 tó sún mọ́ igbó jù títí tí ẹ ó fi rí yẹ̀pẹ̀ pupa. Ìyókù lè jẹ́ koríko, kó sáà má ti ga ju ínǹṣì 4 lọ. Lóṣù Kìn-ín-ní, ẹ gbá ewé tó wọ́ sílẹ̀ kúrò lójú yẹ̀pẹ̀ náà. Bí igi tíìkì bá wà nítòsí, á gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, torí ewé tíìkì fẹ̀, ó sì ń gbẹ kán-kán.

Ọ̀rọ̀ oògùn: oògùn nìkan kò tó, ó tiẹ̀ lè dá kún wàhálà. Bí ẹ bá fín glyphosate sórí igbó tó ga ju èèyàn lọ, á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òòró ló máa gbẹ sí, láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Kò sí igbó tí iná fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣán an, kí ẹ dúró kó hù dé ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ wá fín in nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ó sábà máa ń jẹ́ mílílítà 150 sí 200 nínú pọ́ǹpù lítà 16. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ike tiyín. Ẹ fún un ní wákàtí 6 láìsí òjò. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló máa ń gbà kó tó pọ́n. Bó bá ti kú, ẹ fi ráákì kó o. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, fún yín, ẹ fi í sílẹ̀. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù Kìn-ín-ní 2024.

Àwọn ọ̀pẹ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ẹ wo orí wọn bóyá ẹ̀gà ti kọ́lé sí i. Ìtẹ́ ẹ̀gà àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ tó rọ̀ sílẹ̀ yí ọrùn igi ká ni àkàbà tí iná ń gbà gun ọ̀pẹ, bó bá sì ti dé orí, ó di ibi tí màjàlà ti ń fò lọ sí gbogbo àdúgbò. Kí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ gé gbogbo èyí tó ti gbẹ, kó sì ha pàǹtírí tó wà láàárín ẹ̀kù rẹ̀ jáde. Ẹ gé imọ̀ èyíkéyìí tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí òrùlé. Imọ̀ tí wọ́n gé, ẹ má kó o jọ sídìí igi náà.

Bí ọparun bá wà níbì kan nítòsí, ẹ gbà á kúrò lára ilé pátápátá.

---

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Sísun igbó ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe nǹkan tuntun. Lápá Òkè-Ògùn àti níbi tí pápá pọ̀ sí, wọ́n máa ń jó o ní oṣù Kọkànlá nígbà tí ìrì ṣì ń sẹ̀ lálẹ́, iná náà á rọra jẹ, á kú fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di oṣù Kejì ló ń di ẹranko. Ẹ ṣáà dúró di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, kí ẹ tanná láti òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó máa fẹ̀yìn rìn lọ sísàlẹ̀, kí èèyàn mẹ́fà dúró pẹ̀lú omi. Ó yá ju àdá lọ.

---

Àgbẹ̀ Kòkó

Àbúrò, ohun tí o sọ jóòótọ́ nínú pápá. Koríko ló pọ̀ níbẹ̀, oṣù Kọkànlá ló sì ń gbẹ. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ló pọ̀ jù nínú igbó tí wọ́n ṣàpèjúwe yìí. Oṣù Kọkànlá, Akíntọ́lá ṣì tutù, òdòdó ló ń mú bọ̀, iná kò ní í jẹ ẹ́ ju etí lọ. Ìgbà tó bá fi máa gbiná, oṣù Kìn-ín-ní ti dé, ọyẹ́ ti le, iná yẹn sì ti kọjá agbára èèyàn mẹ́fà. Èyí tó bá tún jó tán á yọ láti gbòǹgbò. Èèsún àti ẹ̀kan náà ń yọ kíákíá lẹ́yìn iná. Ẹ̀kan tiẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ni.

Oko kòkó wà ní àgbègbè Àkúrẹ́ àti Ìdànrè káàkiri. Igi kòkó kò ní èèpo tó nípọn, ewé gbígbẹ sì máa ń kún ìdí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná bá wọ ibẹ̀ ó di iṣẹ́ ogún ọdún lọ. Iná igbó 1983 ní Gánà kò ṣeé gbàgbé fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣe kòkó. Ẹni tó bá tanná tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ni àwọn alóko máa wá bá. Fún pulọ́ọ̀tì kan tí ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èmi ò fọwọ́ sí i.

---

Panapaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀gbẹ́ omi.

Lítà 2,000 dára, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e bẹ́ẹ̀. Tánkì tó wà lórí irin ẹsẹ̀ bàtà 12 kò ní agbára tó máa fi ta omi sórí òrùlé, torí omi kì í fúnra rẹ̀ fò kọjá ibi tó ti ṣàn wá, họ́ọ̀sì sì tún ń dín agbára rẹ̀ kù. Ó máa bomi rin ilẹ̀ dáadáa, ó máa pa iná ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, òrùlé ni kò ní í dé. Bí ẹ bá gbọ́kàn lé ẹ̀rọ kànga láti fún un lágbára, ẹ rántí pé iná tó ń jó igbó náà ló ń jó ìdí òpó iná onígi. BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná, á mú iná lọ ní wákàtí tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Kí jẹnẹrétọ̀ lè gbé ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ti dán an wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkàbà onírin àti garawa ni ẹ ó fi gbé omi dé òrùlé yín.

Ẹ wo páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti tánkì. Bó bá jẹ́ PVC lásán, tí koríko sì wà nídìí irin tánkì, páìpù yẹn á yọ́, gbogbo omi á sì dà nù kí ẹ tó gbé họ́ọ̀sì. Ẹ sọ èyí tó wà lókè ilẹ̀ di irin, kí ẹ rì ìyókù sínú ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí abẹ́ tánkì sì mọ́ fofo.

Ẹ gbé dọ́rọ́ọ̀mù lítà 200 méjì sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n kún, kí ẹ dé wọn lórí, kí garawa méjì wà lórí wọn. Pọ́ǹpù ìfínko lítà 16 wúlò gan-an fún pípa iná kéékèèké àti kùkùté tó ń rú èéfín, bí a bá fi ọṣẹ díẹ̀ sínú omi rẹ̀ á tètè wọ inú ewé gbígbẹ. Kó má jẹ́ èyí tí oògùn ṣì wà nínú rẹ̀ o. Ẹ tún gé rọ́bà táyà ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ẹ kàn án mọ́ igi ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹ ti rí ìpaná. Ẹ fi bo iná mọ́lẹ̀ kí ẹ sì wọ́ ọ. Ẹ má jù ú sókè bí ẹni ń lu ẹ̀wà, ẹ óò máa ta iná sẹ́yìn ara yín ni.

Ìwọ̀n kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe lé lórí: iná tí ọwọ́ rẹ̀ bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, ẹ má kojú rẹ̀ pẹ̀lú ìpaná tàbí garawa. Ẹ kúrò níwájú rẹ̀. Bí ó bá ká yín mọ́, ibi tó ti jó tán ni kí ẹ sá sí, ẹ má sá gun òkè níwájú rẹ̀. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀. Nylon máa ń yọ́ mọ́ ara. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, torí ejò náà ń sá.

Ẹ pe 112 nígbà tí ẹ bá rí èéfín, ẹ má dúró kó dé fẹ́ǹsì. Ẹ sọ oríta tó súnmọ́ yín àti ohun ńlá kan tí a lè fojú rí níbẹ̀. "Lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé" kò ràn wá lọ́wọ́ lóru. Ẹ wo géètì àdúgbò náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lándíláàdì ti gbé irin gbàgà dábùú òkè géètì kí tírélà má bàa wọlé, irin náà á sì dá ọkọ̀ panapaná náà dúró. Ọkọ̀ wa ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní fífẹ̀, 13 ààbọ̀ ní gíga. Kọ́kọ́rọ́ géètì kò gbọ́dọ̀ sùn lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Bí iná bá ń bọ̀ lóòótọ́: ẹ kó àwọn ọmọ àti àgbàlagbà jáde kọ́kọ́. Ẹ ti fèrèsé, kí ẹ já kọ́tìnì ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ sáàárín yàrá. Ẹ pa gáàsì, ẹ pa iná mànàmáná. Omi tí ẹ bá wọ́n sórí fásíà ní wákàtí méjì ṣáájú ti gbẹ tán nínú ọyẹ́, nítorí náà ẹ má fi tánkì ṣòfò. Ìgbà tí màjàlà bá ń bọ́ ni kí ẹ rẹ ibẹ̀.

---

Ará Ọ̀nà Pápákọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún un. Mo ti fi ọ̀rọ̀ sísun igbó sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ọ̀gá tó ń gbé Èkó yẹn, báwo la ṣe ń wọ ilẹ̀ rẹ̀ láìdá wàhálà? Jẹnẹrétọ̀ àti sílíńdà gáàsì kìlógíráàmù 12.5 wà lápá òsì ilé, ṣé kí n gbé wọn? Ibo la ti ń rí àwọ̀n mílímítà 3 yẹn?

---

Àgbẹ̀ Kòkó

Ti ilẹ̀ yẹn, ẹ gba ẹ̀yìn ẹgbẹ́ lándíláàdì àdúgbò. Kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí i tàbí kí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́, kó dáhùn pé òun gbà kí ẹ ṣán ẹsẹ̀ bàtà 20 láti ààlà yín wọlé, kí ẹ fi ìdáhùn náà pamọ́. Ọ̀pọ̀ ń gbà, torí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ tó kún fún igbó ló ń pe ajagungbalẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣán an, ẹ má gbin ọ̀pẹ, kòkó tàbí ọsàn sí i, bó ti wù kí ilẹ̀ náà dùn wò tó. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ ń wí nǹkan, bí ẹni ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀ náà ni. Ẹ̀fọ́ àti kúkúǹdùkú kò ní ẹjọ́ nínú, wọ́n sì ń bo ilẹ̀ ní tútù bí ẹ bá lè bomi rin wọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gbin ín sórí ilẹ̀ tiyín, kó jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì máa gé ewé rẹ̀ tó ti gbẹ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Omi ló kún ara rẹ̀, ewé gbígbẹ rẹ̀ nìkan ló ń jó.

---

Panapaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ gbé méjèèjì kúrò lápá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún tí fẹ́ǹsì wà ni kí sílíńdà wà, kó dúró ní òòró, kí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10 tó yí i ká mọ́. Bí ooru bá mú un, ẹnu rẹ̀ lè máa tu gáàsì jáde pẹ̀lú ariwo kí ó má bàa bẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo yẹn nígbà tí iná wà nítòsí, ẹ sá jìnnà, ẹ má lọ tì í. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ bá jẹnẹrétọ̀ gbé ilé kan náà. Ìyẹn kò dúró de iná igbó pàápàá.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò béèrè. Lẹ́yìn tí iná bá ti kọjá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó wo gbogbo igun, kó sì máa tún un wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wákàtí 6 ó kéré tán. Kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti gun àjà láti ìsinsìnyí. PVC tí wọ́n kàn pa láìsí ilẹ̀kùn pọ̀ jù. Kùkùté àti ìdí ọ̀pẹ lè pa iná mọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ wa ilẹ̀ yí wọn ká kí ẹ sì rọ omi sí i títí tí ẹ ó fi lè fọwọ́ kàn án.

---

Káfíńtà Orí Òrùlé

Àwọ̀n: ẹ lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin iṣẹ́ ilé. Àwọ̀n àgò adìyẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín, ojú rẹ̀ fẹ̀ jù. Ẹ béèrè àwọ̀n irin tí bíríkìlà fi ń sẹ́ iyanrìn rírẹ́. Ẹ mú rúlà dání lọ. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ ju mílímítà 3 lọ, ẹ má rà á. Hóró ìrẹsì lè wọlé, kò burú. Ẹ wọn gígùn etí òrùlé yíká kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí igun, kí ẹ sì ra ìṣó olórí fífẹ̀ mọ́ ọn, torí orí ìṣó lásán máa ń gba ojú àwọ̀n náà kọjá.